Kí Ẹ Tó Mú Kóòsì Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ wà ní 100 level, ní yunifásítì Adó-Èkìtì ni o, ní ti Ọyẹ́-Èkìtì ni o, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àwọn tó ṣáájú yín ni pé, "Ṣé ó rọrùn?" Ìyẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó bá rò pé wọn yóò kọ́ òun ní Faransé, tàbí bí a ṣe ń kọ àròkọ aládùn, ilé onílé ló yà sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń tú palẹ̀ níbẹ̀: ìró, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, gbólóhùn, ìtumọ̀.

Ẹ dán ara yín wò nílé. Ìró mélòó ló wà nínú "ìgbín"? Bí a bá ka g àti b lọ́tọ̀, lẹ́tà márùn-ún ni, àmọ́ ìró mẹ́ta péré ni: ì, gb, ín. Gb kì í ṣe g àti b tó to tẹ̀ léra. Ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ló jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. N ìparí kò sì dá dúró, àmì pé fáwẹ̀lì náà gba imú jáde ni. Àwọn tó ń ka márùn-ún kì í ṣe olódo. Lẹ́tà tí a fi ojú kọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi ni kò jẹ́ kí etí gbọ́ràn. Ibẹ̀ náà ni máàkì ti ń lọ nígbà tí àdàkọ ìró, ìyẹn fífi àmì kọ ọ̀rọ̀ bí etí ṣe gbọ́ ọ, bá dé. [j] nínú àmì ìró àgbáyé ni y tiwa, j tiwa ni [dʒ], p tiwa sì ni [kp]. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "an" inú ìtàn àti "ọn" inú ìbọn, ìró kan náà ni. B tó ṣáájú ló jẹ́ kí a fi ọ kọ ọ́.

Ọmọ Èkìtì ní ẹrù tó wúlò níbí, bí ojú kò bá tì í. Nínú àjùmọ̀lò, wọ́n ń pe èlùbọ́, orúkọ, ewúrẹ́; ní ẹnu tiwa, ẹ̀lùbọ́, ọrúkọ, ẹwúrẹ́ ni. Fáwẹ̀lì ìparí ń fa ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ra, u àárín kò sì dí i lọ́nà bó ṣe ń dí i nínú àjùmọ̀lò, torí u wa níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí u ti "ulé" (ilé). Àǹkóò fáwẹ̀lì nìyẹn, ẹ ti ń ṣe é kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ bí ìbéèrè ìdánwò bá ní àjùmọ̀lò, ẹ má kọ ti ilé o.

Ìdánwò kejì ló ń sọ ẹni tí kóòsì yìí bá lára mu. Oní àti aṣọ di aláṣọ, oní àti epo di elépo, oní àti ọkọ̀ di ọlọ́kọ̀. Kí ló dé tí oní àti ilé fi di onílé, tí n inú rẹ̀ kò di l? Bí ẹ bá dáhùn pé "bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn", ẹ lè wá nǹkan mìíràn. Bí ó bá gba oorun lójú yín, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. (Í inú "oní" ń gba imú jáde bí a kò tilẹ̀ kọ n tẹ̀ lé e. Níbi tí í bá ti pa jẹ, ìró n á bọ́ síwájú fáwẹ̀lì àìránmúpè (èyí tí kò gba imú jáde), á di l. Nínú onílé, í ṣì wà.)

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kó sún un síwájú. Àkókò yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ àmì ìró, orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù sì jókòó lé. Àdàkọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju àìsùn òru kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kámpọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé, ẹ wo taìmù-tébù kẹ́ ẹ tó yan kóòsì tó wà ní Ọyẹ́. Owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀, lẹ́ẹ̀kísọ̀ tó forí gbárí sì wà ńbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó gbọ́ lẹ́ẹ̀kísọ̀ méjì kí fọ́ọ̀mù àfikún àti àyọkúrò kóòsì tó parí.