Abẹ́rẹ́ Kejìdínlógún

Ní àná ni mo gba abẹ́rẹ́ kejìdínlógún, èyí tí ó kẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbàdúrà fún mi láti èṣí bá mi gbé Olúwa ga, nítorí pé jẹjẹrẹ ọyàn kò rí mi gbé lọ.

Lẹ́yìn Ọlọ́run, dókítà kékeré kan ni. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ti gé kókó náà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó tó bi mí pé, "Mà, ṣé wọ́n ti yẹ receptor rẹ̀ wò?" Nígbà tí ó rí i pé n kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ya òrùka kan sẹ́yìn káàdì mi, ó sì fi etí kéékèèké yí i ká. Ó ní òrùka náà ni sẹ́ẹ̀lì kan, etí wọ̀nyí sì ni receptor tí ó fi ń gbọ́ ìgbà tí ó yẹ kí ó pín àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi. Sẹ́ẹ̀lì ọyàn tí kò lárùn ní nǹkan bí 20,000 irú èyí tí wọ́n ń pè ní HER2, ṣùgbọ́n nínú jẹjẹrẹ kan, ó lè tó mílíọ̀nù 2. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í dúró de ìpè mọ́. Wọn a máa so mọ́ ara wọn, wọn a sì máa pàṣẹ pípín tọ̀sán-tòru, títí jẹjẹrẹ náà yóò fi kúrò ní ọyàn bọ́ sínú egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹran tí wọ́n gé lára mi, tí wọ́n fi ìda bò, kò ju kúbù ṣúgà bíi mélòó kan lọ. Èmi fúnra mi ni mo fi aṣọ ìléwọ́ wé e, tí mo sì wọ dánfó láti Ìyànà Ìpájà lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan ní Yábà, kí wọ́n lè yẹ HER2 rẹ̀ wò. Orí ẹ́ńjìnnì ni àyè kù sí. Ooru ń rú sókè, mo ń rò ó pé ìda yóò yọ́, ni mo bá gbé àpò náà sókè orí bí ẹni ru ẹbọ, tí kọ̀ńdọ́ fi ní, "Màmá, ṣé wúrà lẹ gbé ni?"

Èsì jáde: 3+, ìyẹn ni pé HER2 tèmi pọ̀ jù. Mo sunkún kí n tó mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé oògùn wà fún irú tèmi. Dennis Slamon, dókítà ará Amẹ́ríkà tí n kò lè pàdé láéláé, mo dúpẹ́ o. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1987 pé HER2 tó pọ̀ jù ló ń mú kí àrùn náà tètè padà, trastuzumab, abẹ́rẹ́ tí mo gbà yìí, sì jáde ní 1998, tí ó ń lẹ̀ mọ́ etí náà láti òde.

Ìwọ tí o sọ pé ará ilé bàbá mi ló fi àrùn yìí ṣe mí, mo kí ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má ta ilẹ̀ Mowé nítorí abẹ́rẹ́, ilẹ̀ ti lọ, èmi nìyí.

Ẹ̀yin obìnrin, bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ọyàn ni, ẹ má gba oògùn rẹ̀ kankan kí ẹ tó béèrè èsì HER2, àti ti ER àti PR, àwọn etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ìpè họ́mónù estrogen àti progesterone. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn 100, nǹkan bí 15 sí 20 péré ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún. Owó ńlá ni ẹ ó fi ṣòfò bí tiyín kò bá sí nínú wọn.

Wọ́n ṣì máa yẹ ọkàn mi wò lóṣù tí ń bọ̀, nítorí pé oògùn náà lè mú un rẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì dákẹ́ àdúrà.