Ọ ńlá kọjá, ọ kékeré ló há

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá fáìlì orúkọ èèyàn jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ tẹ káàdì, wọ́n ní kí n máa fi lísìtì orúkọ ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni orúkọ tuntun ń wọlé, èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó gbọ́ Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) wá ní mi ò ní máa fọwọ́ ṣe é, mo kọ script (ètò) kékeré kan tí á ka CSV, ìyẹn fáìlì tí lísìtì yẹn wà nínú ẹ̀, tí á so ó mọ́ ímeèlì, tí á sì fi ránṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ fi orúkọ méjì dán an wò, Ọlá àti Ṣadé. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ yẹ ohun tó fi ránṣẹ́ wò. Ìgbà tí mo kó lísìtì gidi sí i ló bú jáde:

UnicodeDecodeError: 'charmap' codec can't decode byte 0x8d

Windows ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Tí o bá ní kí Python ṣí fáìlì níbẹ̀ tí o ò sọ encoding fún un (ìlànà tó ń sọ báìtì, ìyẹn nọ́ńbà inú fáìlì, tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan), cp1252 ló sábà máa ń mú, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún èdè àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Ihò márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan: 81, 8D, 8F, 90 àti 9D. Ní UTF-8, encoding tí fáìlì mi wà, báìtì mẹ́ta ni ọ kékeré, E1 BB 8D. Ọ ńlá ńkọ́? E1 BB 8C, 8C sì ní lẹ́tà tiẹ̀ ní cp1252. Ìdí nìyẹn tí Ọlá fi kọjá tí Adétọ́lá sì há! Àmì òkè náà ò gbẹ́yìn o, torí Unicode (àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè) ò ní ẹ tàbí ọ tó ní àmì ohùn òkè (´) tó tún ní àmì ìsàlẹ̀ ní ẹyọ kan, àmì òkè ń dá dúró ni, CC 81, 81 náà sì tún rèé, ihò ni. Àfi bíi pé Yorùbá ni wọ́n gbẹ́ ihò yẹn dè.

Mo wá hu ìwà òmùgọ̀. Mo fi errors='ignore' sí i, pé kó máa fo báìtì tí kò bá mọ̀, ariwo dákẹ́, ímeèlì lọ. Nírọ̀lẹ́ bùrọ̀dá pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, èdè wo ni?" Ó ya fọ́tò sí WhatsApp, Fọláṣadé ti di Fá»lÃ¡á¹£adÃ©. Ká ní mi ò lo ignore ni, èèyàn ṣì lè yí irú ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n báìtì 8D ti dànù pátápátá, ọpẹ́ ni pé fáìlì gidi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo fi encoding='utf-8' sí i, mo wò ó lórí fóònù mi, gbogbo orúkọ pé. Mo tún fi ránṣẹ́. Ó tún pè. Bákan náà!

Mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣí i fún mi. Ó ní òun á dáùnlóòdù ẹ̀ sórí desktop, òun á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel á ṣí i. Ó tán! Inú ímeèlì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé UTF-8 ni fáìlì yìí, nígbà tó bọ́ sórí desktop ó fi àkọlé yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn, Excel wá ń fojú díwọ̀n. Mo yí èyí tí mò ń so mọ́ ímeèlì sí utf-8-sig, báìtì mẹ́ta, EF BB BF, ló ń fi síwájú fáìlì, Excel rí i, ó mọ̀ ọ́n. (Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, gba Data lọ sí From Text/CSV, kí o mú 65001, ìyẹn UTF-8.) Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ ka irú fáìlì yẹn padà, utf-8-sig náà ni kí o fi kà á o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báìtì mẹ́ta yẹn á lẹ̀ mọ́ àkọlé àkọ́kọ́, Python ò sì ní dá a mọ̀ mọ́, torí KeyError: 'orúkọ' tí mo rí lọ́jọ́ kejì, tí mo sì ń wo orúkọ kòrókòró níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Káàdì jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Alága wa pè mí pé kò sí àmì lábẹ́ ọ tòun. Mo yẹ lísìtì wò, bẹ́ẹ̀ ni bàbá fúnra wọn ṣe tẹ̀ ẹ́ sí fọ́ọ̀mù.