Ìyẹn kọ́ ni Màámi

Òní ò ní ìtàn púpọ̀. Mo ra ata lọ́jà, iná dé nígbà tí oòrùn ti mú, mo jókòó ti fídíò ìrántí Màámi wa tó di olóògbé, títí iná fi tún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ó ti ń parí. Sátidé tó ń bọ̀ náà ni a máa wò ó, lẹ́yìn ìdúpẹ́, ibi tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni. Aṣọ ò yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn. Alẹ́ àná ni mo fi fídíò náà han Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní ó dáa, wọ́n dìde. Èmi náà bọ́ sí kíṣìnì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní pálọ̀: "Gbogbo ẹ̀ dáa, àfi ibi tó fi àìsàn yẹn sí. Ìyẹn kọ́ ni Màámi."

Ìyẹn kọ́ ni Màámi.

Tí ìyẹn kì í bá ṣe Màámi, ta ni mo ń wẹ̀ láràárọ̀? Ta ni mo ń bu ẹ̀kọ sí lẹ́nu, tí mo ń nu igun ẹnu lápá ọ̀tún kó má baà ṣàn sára? Ta ló ń di ọrùn ọwọ́ mi mú lóru, tí kò ní fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́? Mo fẹ́ padà sí pálọ̀ láti bi wọ́n. Mi ò lọ. Wọ́n jù mí lọ, ọ̀nà Àbújá sì ti mú wọn lára.

Ẹ mọ fídíò tí mò ń sọ. Màámi lórí àga onítáyà, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé yẹn. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọn ò lè ní àwọn fẹ́ omi. Wọ́n á nawọ́ sí ife, "ìlẹ̀kùn" ni á jáde lẹ́nu, inú á sì bí wọn, torí wọ́n mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kọ́ ni àwọn ń wí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà," kí n tó gbórí sókè wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọkọ mi. Wọ́n á kì mí lọ, ahọ́n á wúwo, ẹnu á wọ́ sápá kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò ní ṣì. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn ní kó má yà wá lẹ́nu. Ó ní tí apá òsì ọpọlọ bá fara gbá, ohun tó ti mọ́ni lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, orin, àdúrà, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, sábà máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bá sá lọ. Ó ní ká máa kọrin fún wọn. A kọrin títí ó fi sú àwọn ará ilé kejì.

Ibi tí mo fi sínú fídíò nìyẹn. Kò gùn. Mo tẹ ọ̀rọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tòun tàmì, kí etí tí kò bá gbé e lè fi ojú kà á.

Èyí tó kù, fọ́tò ni, fọ́tò ló sì gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ bébà. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni mò ń fà lábẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Àwọn tó wà nínú férémù, mo yọ gíláàsì kúrò kó má baà máa kọ mànà, mo tẹ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí oòrùn ò dé, mo yà wọ́n látòkè. Èyí tó wá láti Ìsẹ́yìn lórí WhatsApp, ojú ò hàn rárá. Mo ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi document. Ó dé, mo sì rí pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi kedere. Mo sunkún lórí pélé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti gbàgbé bó ṣe mú tó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge.

Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ 1974 sẹ́yìn rẹ̀. Màámi dúró níwájú ilé bàbá àgbà wa, wọn ò wé gèlè, irun dídì nìkan. Ẹ̀gbọ́n wọn n'Ísẹ́yìn pè mí, inú ń bí wọn: "Ta ló ya àbúrò mi lórí òfìfo? Ọlọ́jà aṣọ òkè!" Mo ní Mọ̀mọ́, Igogo ni. Tí Ọ̀wọ̀ bá ń ṣọdún Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, olorì ọba àtijọ́ kan, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà, ìlù ò gbọdọ̀ dún, agogo ni wọ́n ń lù. Ìyàwó tuntun tó ti Ìsẹ́yìn wá tú gèlè rẹ̀ nítorí ìlú ọkọ. Mo fẹ́ràn fọ́tò yìí ju gbogbo èyí tí wọ́n ti wọ léèsì àti àlàárì lọ. Bọ̀ọ̀dá náà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Orí òfìfo, ojú tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀, torí a ò tíì sí láyé. Kò sẹ́ni tó ní ìyẹn kọ́ ni Màámi.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi to fídíò wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun lè fi AI tún ẹnu náà ṣe. Ó fi iṣẹ́ tó ti ṣe fún àwọn kan hàn mí: fọ́tò bàbá kan, dúdú òun funfun, bàbá ṣẹ́jú, wọ́n yí ọrùn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní tí òun bá rí ohùn Màámi díẹ̀, òun lè jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò fúnra wọn. Ara mi bù mọ́ra. Mo ní rárá. Ó wolẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá yín ti ní kí n ṣe é."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú nípa àkó. Láyé àtijọ́ ní Ọ̀wọ̀ yìí, tí ẹni ńlá bá kú, tí wọ́n ti sin ín, wọ́n á tún ṣe ìsìnkú kejì. Wọ́n á gbẹ́ ère tó ga tó èèyàn, tó jọ olóògbé dójú àmì, wọ́n á wọ aṣọ iyì fún un, aráyé á wá wò ó, wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin òun náà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹnu wíwọ́ sí àkó rí. Ẹni náà nínú ọlá rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Nígbà náà, ọ̀nà àwọn bàbá wa ni Bọ̀ọ̀dá ń tọ̀, kì í ṣe pé Màámi ń tì wọ́n lójú. Ó yẹ kí n fún wọn ní ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àkó kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó ń wò ó ló mọ̀ pé igi ni, iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Kò sẹ́ni tó fi gbólóhùn tí olóògbé ò sọ sí i lẹ́nu. Màámi wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "omi", títí ojú wọn fi pọ́n, kí ẹ̀rọ wá máa dáhùn fún wọn pé ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi irú ẹ̀ gbà á? Mi ò gbà. Lórí ìyẹn, mi ò gbà.

Lórí ẹnu wíwọ́ náà… mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn láti Ọjà Ọba wá kí wọn, Màámi fi etí ìborùn bo ẹnu títí àwọn yẹn fi lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi dì í mú, ó ń gbọ̀n. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yẹn kan náà ló máa jókòó síwájú ní Sátidé. Bóyá Bọ̀ọ̀dá ò wí ju ohun tí Màámi fúnra wọn fi ìborùn wí lọ. Níwájú mi ṣá, wọn ò bo ẹnu rí. Ṣé èmi ló wá ni ín nìyẹn, tí màá fi máa pín in fún gbọ̀ngàn?

Mo dán an wò láìsí àwòrán. Mo fi ohùn náà lé fọ́tò 1974. Kò bá a mu: ọmọge tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ohùn arúgbó tí ahọ́n rẹ̀ wúwo. Mo yọ ọ́.

Mo fi ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pè padà kíá, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Mo tún un gbé sí i. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n kì èmi náà?"

Ojoojúmọ́ ni, Àǹtí. Ẹ ò sí ńlé, wọ́n á yíjú sí fọ́tò yín lára ògiri, wọ́n á kì yín. Wọ́n á kì Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ lé e: Àkànní, Àkànní, títí dé ìparí, wọn ò fo ẹnì kankan. Àǹtí sunkún, wọ́n ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àbí kí n yọ ọ́, kí n ṣe bí Bọ̀ọ̀dá bá ṣe fẹ́.

Ti Bọ̀ọ̀dá wà lórí fóònù mi. Ohùn nìkan ni, kò sí àwòrán. Wọn ò béèrè rí, mi ò sì fi ránṣẹ́ rí, torí ní gbogbo ìgbà yẹn tí wọ́n bá pe fóònù, ohùn dókítà ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́, àti iye owó oògùn. Àwọn ló san gbogbo owó náà. Mi ò kọ ìyẹn síbí rí, ó sì yẹ kí n ti kọ ọ́.

Lọ́la, tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, màá gbé fóònù lọ bá wọn ní pálọ̀. Mi ò ní fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tí wọ́n ṣì ní kí n yọ tèmi kúrò nínú fídíò, màá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ò ní fọwọ́ kan ohùn Màámi.