Bárò Ló Kọ́ Mi Bí Kúbíìkì Mítà Kan Ṣe Pọ̀ Tó

Nígbà kan, mo kan àpótí pákó sẹ́yìn ilé kí n lè gbin òdòdó sí i. Ó gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1, ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Mo pe ẹni tó ń ta yẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Kúbíìkì mítà mélòó lẹ fẹ́?" (Kúbíìkì mítà kan ni ohun tó máa kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga.) Mo wo àpótí mi. Mo ní 2 àti 1 jẹ́ 3, sẹ̀ǹtímítà 30 yẹn ò sì tó ohun tí à ń kà mọ́ ọn. "Ẹ gbé mẹ́ta wá."

Nígbà tí típà da ẹrù sílẹ̀ tó lọ, mo kọ́kọ́ rò pé ẹrù ẹlòmíì ni wọ́n já fún mi. Òkìtì náà dí ẹnu ọ̀nà pa. Mo mú bárò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Nígbà tí mo da bárò kẹwàá, àpótí kún dé etí. Mo padà síwájú ilé, òkìtì ń wò mí bí ẹni pé n kò tíì fọwọ́ kàn án. Kí n tó kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́nà, mo ti lọ, mo ti bọ̀ nígbà 50. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn, kò tún pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé kúbíìkì mítà fún mi mọ́. Ẹ̀yìn mi ti gbọ́ ọ yé.

Ìṣírò tó yẹ kí n ṣe kò le: 2 lọ́nà 1 lọ́nà 0.3, ó jẹ́ 0.6. Ìyẹn lítà 600. Bárò mi ń gba nǹkan bí lítà 60, torí náà mẹ́wàá ló tó. Mo ṣe ìròpọ̀ níbi tó yẹ kí n ti ṣe ìsọdipúpọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣírò nìkan kọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Ká ní mo mọ bí kúbíìkì mítà kan ṣe rí lójú ni, ẹnu mi ò ní gbà láti sọ pé mẹ́ta.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe. Ẹ gé páálí, ẹ fi ṣe àpótí kékeré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 10 ní gíga. Ẹ rọ yanrìn gbígbẹ kún ìgò lítà kan, kí ẹ wá dà á sínú àpótí náà. Á kún un wẹ́kú. Mo mọ̀ ọ́n látinú ìwé tipẹ́, síbẹ̀ inú mi dùn bí ọmọdé nígbà tí yanrìn náà dọ́gba pẹ̀lú etí páálí. Lítà kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí igun yàrá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí mítà kan lórí ilẹ̀ síhà ọ̀tún àti síhà òsì, kí ẹ sì sàmì sí mítà kan lára ògiri sókè. Ẹ fojú inú to àpótí páálí yẹn sínú igun náà: mẹ́wàá ní gígùn, mẹ́wàá ní fífẹ̀, kí ó wá ga ní ìpele mẹ́wàá. Ó di 1,000. Kúbíìkì mítà kan nìyẹn, lítà 1,000. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta irú èyí tó wọ́pọ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 60, tó ga ní 85, kò tíì kún ibẹ̀.

Ojú máa ń ka etí nǹkan, kì í ka inú rẹ̀. Mo máa ń fi èyí dán àwọn ọ̀rẹ́ mi wò: bí àpótí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 50 ní gíga, ṣé ìdajì kúbíìkì mítà ni? Ọ̀pọ̀ wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Lítà 125 péré ni, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí ẹnì kan bá ń jiyàn, mo máa ń ní kó lọ to páálí mẹ́jọ tó dọ́gba, mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lórí.

Ẹ yan ohun tí ọwọ́ yín ti gbé rí ṣe òṣùwọ̀n. Garawa lítà 10, ọgọ́rùn-ún ló wà nínú kúbíìkì mítà kan. Dúrọ́ọ̀mù epo tó ń gba nǹkan bíi lítà 200, márùn-ún ni. Àwọn tó ń fi odò ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíńpíìkì ṣe àpèjúwe kì í ràn mí lọ́wọ́ rárá. Mítà 50 lọ́nà 25 lọ́nà 2, kúbíìkì mítà 2,500: ta ló ti gbọ́n ọn gbẹ rí? Fíríìjì náà kò dáa tó, nítorí inú rẹ̀ ni iye lítà tí wọ́n kọ sí i lára ń sọ, ìta rẹ̀ sì ni ojú ń rí. Ní ti gálọ́ọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ti ta ni. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546.

Ìwọ̀n yìí kò fìgbà kan rọrùn fún àwọn onímọ̀ náà. Lọ́dún 1901, wọ́n so lítà mọ́ omi kílógíráàmù kan, ó wá fi bíńtín ju àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn lọ. Ọdún 1964 ni wọ́n tó dá a padà sí àpótí náà gan-an.

Èyí tí mo ń lò jù báyìí ni ti òjò. Bí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, lítà kan ni. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ lé, ti gba kúbíìkì mítà kan, igun yàrá yẹn látòkè délẹ̀. Omi náà á sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Ẹ rántí rẹ̀ kí ẹ tó gbé táǹkì ka orí pẹpẹ tí ẹ kò mọ bó ṣe lágbára tó.

Yẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́ kù ń bẹ lẹ́yìn ilé títí di òní. Àwọn aládùúgbò ti bù nínú rẹ̀, èmi náà ti kan àpótí méjì sí i. Mo tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá: bárò 11 ló kù, koríko sì ti hù lórí rẹ̀.