Wọ́n ti fọ bàbá náà kúrò lára rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

Iṣẹ́ lọ dáadáa, òjò pa mí láti ibùdókọ̀ dé ilé, mo jẹ ẹ̀bà àná. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè sùn ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ nílé púùlù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì.

Àwọn àgbà méjì tó máa ń jókòó lẹ́bàá ògiri ni. Ọ̀kan gbé ọ̀pá wá, Balabushka gidi, ìyẹn èyí tí aṣọ̀pá olókìkí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní ọwọ́ ọmọ ẹni tó ni ín lòun ti rà á lẹ́yìn tí bàbá yẹn kú. Èkejì gbà á, kò wò ó bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tí wọ́n fi òwú wé, sókè, sísàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi Yorùbá sọ ohun tó sọ, á jẹ́: "Wọ́n ti fọ bàbá náà kúrò lára ẹ̀."

Ẹni tó rà á kò fèsì.

Òwú línẹ̀nì ilẹ̀ Ireland ni Balabushka máa ń wé mọ́ ọ̀pá. Tí ọwọ́ kan bá ti ń dì í mú fún ogún ọdún, òógùn á wọ inú òwú náà, á pọ́n, á dúdú jù níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà. Èyí tí mo rí lónìí funfun bí ẹfun. Òwú tuntun, fáníìṣì tuntun. Ó lẹ́wà. Ẹwà yẹn gan-an ló dùn mí.

Kí ni ẹni tó ra ọ̀pá yìí wá rà gan-an? Iṣẹ́ ọwọ́ Balabushka ni, òótọ́ ni. Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1912, ó dé Amẹ́ríkà ní 1924, ó ṣiṣẹ́ igi, títí kan ohun ìṣeré ọmọdé. Ayùn gé e ní ìka, ó sì ṣe ìka mìíràn fún ara rẹ̀. 1959 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá ní Brooklyn, ẹ̀bùn Kérésìmesì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ làwọn àkọ́kọ́. Ó kú ní 1975. Mo máa ń ronú nípa ìka yẹn. Ẹni tó ti pàdánù ìka kò ní fojú kékeré wo àpá àtàǹpàkò ẹlòmíì.

Àmọ́ dúró ná. Nígbà tí Balabushka fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá Titlist ti ilé iṣẹ́ Brunswick ló ń gé láti fi ṣe tirẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ lára ògiri ilé púùlù. Bí ẹnì kan bá ti fi ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù rí, ayùn ti kó àmì ọwọ́ onítọ̀hún lọ. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Èmi náà kò bínú sí i.

Ti àwọn olókìkí ló yàtọ̀. Herman Rambow ní Chicago ló ń ṣe ọ̀pá fún Willie Hoppe, ògbóǹtarìgì agbábílíádì. Ta ló máa fọ Hoppe kúrò lára ọ̀pá? Tàbí Mosconi, ògbóǹtarìgì agbápúùlù tó gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé léraléra láìtàsé ní Springfield, Ohio, ní 1954? Bí òwú tiwọn bá dúdú, inú gíláàsì ni wọ́n máa gbé e sí. Ti bàbá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, èérí ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Fìlà Dádì mi olóògbé ni, èyí tí Àǹtí mi ní kí wọ́n fọ̀. Mo ní mi ò ní kọ nípa rẹ̀ mọ́. Àǹtí mi ò ṣe ohun tó burú, alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún, wọn ò fẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n etí fìlà yẹn, níbi tó máa ń kan iwájú orí Dádì...

Ká ní wọn ò fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé mo máa dé e? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Màá kàn gbé e pamọ́, kòkòrò á sì jẹ ẹ́ lóòótọ́.

Bàbá tó ra ọ̀pá náà gbá bọ́ọ̀lù kan níkẹyìn. Ìró rẹ̀ rọ̀, ó sì jinlẹ̀, bíi kí èèyàn kan ilẹ̀kùn tó nípọn. Gbogbo wa la yíjú. Àní ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn mi orí, ó ní kó tún un gbá. Ìyẹn ni kò ṣeé fọ̀, àbí? Tàbí ti igi nìyẹn, tí kì í ṣe ti bàbá.

Mo pe Àǹtí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ọ̀rọ̀ iná àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ la sọ. Ìgbà tí a fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n ní, "Fìlà Dádì wà nínú àpótí mi o. Ṣé kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀?"

Mo ní ẹ fi rán an, mà. Ẹ ṣé.