Àyẹ̀wò Ọdún: Sáàmù Tó Kù Lẹ́nu Màámi

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún.

Bí ọdún bá ti ń parí, mo máa ń jókòó ro ohun tó fún mi àti ohun tó gbà lọ́wọ́ mi: iṣẹ́, owó iléèwé àwọn ọmọ, ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan ti gbé gbogbo ìyókù mì. Ẹ má bi mí ní oṣù kejì, mi ò rántí rẹ̀. Oṣù kẹta ni mo mọ̀, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màámi ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ mọ ẹni tí mò ń sọ. Màámi tó máa ń pè mí lórí fóònù kí àwọn ọmọ tó jí, tó máa kọ́kọ́ kì mí tán kó tó gbàdúrà lé mi lórí, tí kì í gba "àmín" tí kò bá dún ketekete. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ. Ó ń gbọ́ wa, ó mọ̀ wá, àmọ́ orúkọ mi kò jáde lẹ́nu ẹni tó sọ mí lórúkọ. Ibẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Kí n kúkú sọ fún yín pé nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ òsì júwe ni gèlè tí wọ́n ṣí lórí rẹ̀, pé kí wọ́n gbé e wá. Ẹ mọ Màámi.

Mi ò lè gbàdúrà lákòókò yẹn. Mà á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, mà á gbé Bíbélì lé ẹsẹ̀ títí dé Láderin, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Abẹ́òkúta, mi ò ní ṣí i. Ibi tí mo bá sọ̀ sí ni mo ti máa ń bá àdúrà àwọn ẹlòmíì. Ẹgbẹ́ Ìyá ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kàn á gbọ́únjẹ wá, á nu Màámi lára, á yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dá egbò, á ka Bíbélì, á kọrin. Bàbá àwọn ọmọ mi ń bá wọn ṣe àdúrà ìdílé nílé, kò jẹ́ kó yẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé ní Kápénáúmù, ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e ni Jésù rí. Èmi náà, wọ́n gbé mi. Olúwa á san án fún gbogbo wọn.

Ẹnì kan wá kí wa, ó ní bí ìgbàgbọ́ wa bá pé ni, Màámi ì bá ti dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ẹ̀kọ́ tó ń fi àìsàn wọn ìgbàgbọ́ kò lè gbé ènìyàn dúró. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa fún un. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kò pé? Mo gbà gbọ́ nínú ìwòsàn, mo ṣì ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà bá lára Màámi, a sì ń fún un ní oògùn rẹ̀, à ń gbàdúrà sí i.

Lẹ́yìn Àjíǹde, ó kan Ìyá Ìbejì. Sáàmù 121 ló ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe parí ẹsẹ kìíní, ó dúró kó fi ìdí ìró nu gíláàsì ojú rẹ̀. Màámi bá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ìrànlọ́wọ́ mi ti ọwọ́ Olúwa wá." Ó wúwo lẹ́nu, ó ń wọ́, àmọ́ ó pé. Ó sì ń kà á lọ títí ó fi dé "títí láéláé" tó parí rẹ̀. Ìyá Ìbejì figbe ta débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, ọkàn wọn ti fò lọ. Wọ́n ní kí Màámi pe omi, kò rí i pè.

Kò ya dókítà lẹ́nu. Ó ní apá òsì ọpọlọ ló fara gbá a, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orin, àdúrà, ohun téèyàn ti kọ́ sórí láti kékeré, a tún máa rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde. Àlàyé yẹn tún mú mi dúpẹ́ sí i ni, torí ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ti fi Sáàmù yẹn síbẹ̀ tipẹ́. Àkọ́sórí ni, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Aké, kí Màámi tó mọ̀wé kà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba gúgúrú, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á dúró. Olùkọ́ yẹn kò lè mọ ohun tí yóò padà wúlò fún.

Ó gbé mi dé ọ̀rọ̀ Ìfọlé. Ní 1867, wọ́n kó ẹrù àwọn ilé ìsìn Abẹ́òkúta, wọ́n bà wọ́n jẹ́, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì lọ. Ìgbàgbọ́ kò bá àwọn òyìnbó lọ. Odindi Bíbélì kò sì tíì sí lédè Yorùbá. Ọdún 1884 ni iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe tó jáde lódindi. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó dúró, apá tí wọ́n ti túmọ̀ ni wọ́n ní, àti èyí tó wà lórí wọn. Mi ò rò pé ọjọ́ tí wọ́n ń jálẹ̀kùn lèèyàn ń kọ́ irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Láwọn àárọ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ni, nígbà tí oorun ṣì ń kun ọmọ, tí wọ́n ní kó tún un kà.

Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ ti mọ Sáàmù 23 àti 121 lórí. 91 gùn fún àbíkẹ́yìn. Màámi ti ń fi ọ̀pá rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni," ó ń sọ "rárá," ó sì ń sọ "gèlè." Orúkọ mi kò tíì sí níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí fún ara mi pé á jáde lọ́dún tó ń bọ̀, mo kàn ń retí rẹ̀.

Ní oṣù kìíní, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ padà máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó ti ní ká dín ìbéèrè kù, ká máa kọrin sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní Sáàmù tí wọ́n kà sínú fóònù lédè Yorùbá, tí ẹni tó ń kà á kò yára jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ọdún tó yí.