Ọ̀pá ìpẹja tí mo rà ní Abuja, púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fún mi ní Lokoja

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kínú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Abuja tẹ́ ẹ fẹ́ ra irinṣẹ́ ìpẹja tẹ́ ẹ máa gbé lọ sétí òkun, ẹ má rà á bí mo ṣe ra tèmi. Òkun ò sí ní Abuja. Ohun tá a ní ni adágún Jabi tí àwọn èèyàn ti ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, àti Usuma Dam tí omi ẹ̀rọ wa ti ń wá. Ẹni tó ń ta ọ̀pá ìpẹja fún yín níbí lè má tíì tẹ iyanrìn etí òkun rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ á dùn bí ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ajah ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá wa ń bọ̀ lÉkòó, ló bá fi fọ́tò ẹja croaker mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní òun fúnra òun lòun dúró létí òkun láàárọ̀ kùtù tóun fà wọ́n jáde. Mo pè é, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, mo máa bá yín lọ o. Ó ní, "Kò burú, ṣùgbọ́n gbé ọ̀pá tìẹ dání, mi ò ní yá ẹ ní tèmi." Bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn.

Mo wá fi bí ọ̀sẹ̀ méjì wo fídíò lórí YouTube lóru, títí ìyàwó mi fi bi mí pé ṣé wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́ ni. Ohun tó sì ń dùn mí jù nìyí, mo ti mọ ohun tó yẹ kí n rà kí n tó kúrò nílé, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú fóònù. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, torí ìgbì máa ń fọ́ nítòsí èèyàn, ọ̀pá gígùn ló máa ju okùn kọjá ibẹ̀, òun náà ló sì máa gbé okùn sókè tí ìgbì ò fi ní máa gbá a káàkiri. Ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn, tí nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀ tó 4000 sókè, kó lè gba okùn púpọ̀, kó sì jẹ́ èyí tí omi iyọ̀ ò ní tètè jẹ. Okùn tó lè gbé bíi 20 pọ́n-ùn, kéèyàn wá so èyí tó nípọn jù ú lọ mọ́ iwájú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo agbára máa ń bọ́ sí téèyàn bá ń jù ú, tó bá já, òjé tí wọ́n fi ń mú okùn rì sómi á fò lọ bí òkò, ó sì lè ba ẹlòmíì lórí. Òjé onígun mẹ́rin tó ṣóńṣó, tó máa ń gún iyanrìn. Páìpù tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀pá sí.

Gbogbo ẹ̀ wà nínú fóònù mi o. Mo dọ́jà, fóònù ò jáde lápò.

Mo ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi bí mo ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Bọ̀dá yìí dìde, "Háà, ọmọ ìyá mi! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó." Ó fún mi ní píọ̀ wọ́tà tútù. Ẹni bá ti pè yín lọ́mọ ìyá òun lọ́jà Abuja, ẹ di àpò yín mú. Ó mú ọ̀pá dúdú kan tí kò gùn ju apá mi lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yọ, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó fi dé mítà 2.7, ó wá ń mì ín lójú mi bí ẹni ń fi pàṣán halẹ̀. "Ọ̀gá mi, èyí ni wọ́n ń lò lójú òkun báyìí. Ẹsẹ̀ bàtà 12 tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, ibo lẹ máa gbé e sí nínú mọ́tò? Ṣé ẹ máa dì í mórí ẹ̀ bí igi ìdáná ni?" Èmi tí mò ń wa Corolla, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò rántí dáhùn pé èyí tó gùn yẹn, méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń pín in sí, téèyàn á kàn tò ó mọ́ra tó bá débẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ₦75,000, mo já a sí ₦52,000, inú mi tún ń dùn pé mo ná ọjà. Ríìlì wà nínú ẹ̀, okùn ti wà lára ríìlì ("ọ̀fẹ́ nìyẹn o, ọ̀gá mi"), òjé roboto márùn-ún, ìwọ̀ kún ọ̀rá kan. Ó ní nítorí pé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni wá lòun ṣe tà á bẹ́ẹ̀. Mo délé, àbúrò ìyàwó mi, tí òun náà fẹ́ bá wa lọ, wò ó lórí fóònù ẹ̀, ọ̀pá kan náà, ríìlì kan náà, ₦23,000. Ó tún bó bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wo nǹkan tí wọ́n kọ síbí, òjé gíráàmù 30 sí 60 ló lè jù. Òjé tí wọ́n kó fún yín yìí, 100 ni wọ́n kọ sí i lára. Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo agbára ju èyí, ọ̀pá yẹn máa ṣẹ́." Mo ní kó dákẹ́, kó lọ sùn. Nọ́ńbà ríìlì ńkọ́? 2000. Ìyẹn tí wọ́n fi ń pa ẹja kéékèèké nínú omi tó dákẹ́.

Ó yẹ kí n dá a padà. Ọjọ́ Wednesday alẹ́ nìyẹn, a sì máa lọ ní Thursday àárọ̀.

A kúrò ní Kubwa ní aago márùn-ún ààbọ̀. Zuba, Giri, Gwagwalada, Abaji, kò sí ìṣòro kankan. A kọjá Koton Karfe, a fẹ́ẹ̀ dé afárá ńlá tó wà lórí odò Ọya, ni ọwọ́ aago ooru ẹ́ńjìnnì bá dìde, ó lọ sókè pátápátá, kò sọ̀ mọ́. Èéfín. Mo páàkì. Wọ́ọ̀tà pọ́ǹpù ló lọ, páìpù omi náà sì ti bẹ́. Ọkùnrin kan fi mọ́tò ẹ̀ fà wá dé Lokoja, ó gba ₦20,000, mi ò sì tíì dárí jì í. Mẹkáníìkì, ọmọ Kabba kan tójú ẹ̀ là dáadáa, sọ fún mi pé pọ́ǹpù yẹn ò sí nítòsí, ó di àárọ̀ ọ̀la kó tó dé. Hòtẹ́ẹ̀lì tá a sùn, ₦15,000 fún yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ní "running water", àfi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì nínú báfúrúmù.

Edé tí mo rà ní Abuja láti fi ṣe ìjẹ tún wà nínú kúlà. Yìnyín ti yọ́ tán. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi ṣí i, òun fúnra ẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Bí inú ṣe ń bí mi yẹn ni mo ní ká kúkú lọ sétí odò. Ó kéré tán ká mọ bí ọ̀pá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi mí ṣẹ̀sín lÉkòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Lokoja mọ bó ṣe rí, ibẹ̀ ni odò Ọya àti Benue ti pàdé, omi yẹn fẹ̀ débi pé èèyàn á gbàgbé pé àárín ilẹ̀ lòun wà. A rí ibì kan tí iyanrìn wà. Bàbá kan ti jókòó síbẹ̀, ó ká okùn sọ́wọ́, kò ní ọ̀pá rárá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ó dáhùn, ọmọ Oworo ni, Oworo ni ó ń sọ ṣùgbọ́n à ń gbọ́ra wa yéké. Ṣé ẹ rí i, láti Kubwa wá síbẹ̀, mi ò retí pé ẹnì kan máa fi èdè mi bá mi wí létí omi.

Mo fa ọ̀pá mi yọ, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bàbá ń wò mí. Mo jù ú, mo rọra jù ú torí gíráàmù 60 tó wà lọ́kàn mi, ó bọ́ sí bíi ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo pariwo, "Ó ti gbé e!" Kò sí ohun tó gbé nǹkan kan. Ìṣàn odò ló ń yí òjé náà lọ, nígbà tí mo fi máa ká a tán, ó ti jáde sí etí omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jáde.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀lù ni wọ́n tà fún ọ. Bọ́ọ̀lù kì í dúró. Kò lẹ́sẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, òkun ni mò ń gbé e lọ o, kì í ṣe ibí."

Ó ní, "Ṣé ìgbì ò wá lágbára ju odò lọ ni?" Ìyẹn ló sọ, mo sì dákẹ́.

Ó wá bi mí pé ṣé mọ́tò wa ló bàjẹ́ níwájú, ó ti gbọ́. Ó ní kí n béèrè púlọ́ọ̀gì tó ti kú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n máa ń dà á nù ni. Ó fi tiẹ̀ hàn mí. Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ni lóòótọ́, ó ti dípẹtà, wáyà líle mẹ́rin ló fi yí ìbàdí ẹ̀ ká, ó wá tẹ ẹnu wáyà yẹn síta sílé bí ẹsẹ̀ akàn. Bó bá balẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn á wọ inú iyanrìn. Bó bá fẹ́ fà á jáde, á fà á tagbára-tagbára, wáyà á tẹ̀, á já sílẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó kọ́ òkúta tó já mọ́ omi, kí ló ná an? Mo wá rántí òjé márùn-ún tí wọ́n kà mọ́ owó mi.

Ìjẹ ẹ̀ ló tún yà mí lẹ́nu jù. Ọṣẹ! Ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ yẹn, ó gé e wẹ́wẹ́ bí iṣu tí wọ́n fẹ́ dín, ó fi ìwọ̀ gún un. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni, àfìgbà tó fa òbòkún kan jáde níwájú mi, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ sí ìgúnpá. Àbúrò ìyàwó mi ní òun ò ní fi edé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kó ìtìjú bá ara òun mọ́, ó da gbogbo ẹ̀ sómi. Àwọn ẹja kéékèèké jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àárọ̀ Friday, mẹkáníìkì kó púlọ́ọ̀gì mẹ́sàn-án fún mi nínú agolo, kò gba kọ́bọ̀, ó tún gé wáyà fún mi. Nígbà tó ń de pọ́ǹpù, èmi náà ń fi píláyà tẹ ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta àlùbọ́sà níwájú, ó tó bíi gíráàmù 50. Ìyẹn ni pé púlọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́ bá ọ̀pá mi mu ju òjé tí ọmọ ìyá mi tà fún mi lọ.

Ọ̀nà Okene títí dé Èkó, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìgbéyàwó dùn, ìrẹsì ò tó.

Sunday ní aago mẹ́fà a ti wà létí òkun lọ́nà Ajah lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi rí púlọ́ọ̀gì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, ó ní ṣé mọ́tò ni mo fẹ́ wà lórí omi ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó. Edé tútù la rà lọ́wọ́ àwọn apẹja tó wà níbẹ̀, kò tó ìdajì owó ti Abuja (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìjẹ wá láti Abuja, láéláé). Mo kọ́kọ́ ju tèmi jìnnà tó bí apá mi ṣe lè jù ú, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wo ibi tí omi ti dúdú díẹ̀ láàárín iyanrìn àti ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ ń fọ́, kòtò ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ lẹja ń rìn, kò sídìí láti máa jù ú dé Kutọnu. Mo jù ú síbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì balẹ̀, mo fà á díẹ̀, mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ bó ṣe di iyanrìn mú. Ìgbì kan lọ, èkejì lọ, okùn dúró ṣánṣán. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn sí okùn tó kàn dúró.

Croaker méjì ni mo pa, èyí tó tóbi nínú wọn ò ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pa márùn-ún, ọ̀pá gígùn ló ń lò, kò sì yá mi, bó ṣe sọ.

A wá fẹ́ máa lọ, ni mo bá fẹ́ pa ọ̀pá mi dé. Kò dé. Iyanrìn ti wọ gbogbo oríkèé ẹ̀. A da omi sí i, a yí i, a fi aṣọ dì í mú fà á, àbúrò ìyàwó mi fi orúnkún ti í, ó kọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ní kí n rà nítorí kó lè wọ mọ́tò, mítà 2.7 gbáko ló bá wa padà sí Abuja, ìdí ẹ̀ wà nínú búùtù, ẹnu ẹ̀ kan gíláàsì iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ní gbogbo ibùdó àyẹ̀wò ni ọlọ́pàá ti bi wá pé kí nìyẹn. Mi ò sì fi omi lásán ṣan ríìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí, báyìí tí mo bá yí i, ó ń ké gììrì-gììrì bí ọlọ ata.

Mo gbé e padà lọ fún bọ̀dá yẹn. Ó wò ó, ó ní, "Ọ̀gá mi, òróró lẹ ò fi sí i. Ẹ wá wo èyí, ẹsẹ̀ bàtà 12, ó máa ń pín sí mẹ́ta, ₦95,000, torí pé ẹ̀yin ni." Mi ò mu píọ̀ wọ́tà ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ní ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12 tí wọ́n ti lò díẹ̀, ní agbègbè Kubwa, Dutse tàbí Bwari, kó kọ̀wé sí mi nísàlẹ̀. Ríìlì ńkọ́? Tó bá wà, ẹ fi kún un. Mi ò ní san ju ₦35,000 lọ, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ṣì kù lọ́wọ́ mi, mo lè fún yín ní méjì sí i.